Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Dacia

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọdé mọ òwe yìí, àgbà mọ̀ ọ́n, n kò sì ní fi àlàyé rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tó mú mi gbé gègé ni bí àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba ṣe ń ba ọkọ̀ kan lórúkọ jẹ́, ọkọ̀ tí wọn kò wọ̀ rí. Ẹ dárúkọ Dacia láàárín àwọn tó ń múra àtira mọ́tò ní London tàbí Manchester, kí ẹ wá gbọ́. Wọ́n á ní ọkọ̀ tálákà ni. Wọ́n á ní páànù lásán ni wọ́n fi ṣe é, pé kò ní í lo ọdún méjì tí yóò fi dẹnu kọlẹ̀. Bí ẹ bá wá béèrè ta ló rà á tó dẹnu kọlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ ò ní í rí ẹnì kankan. Ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, ẹlòmíràn náà sì gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni yìí kan náà yóò wá lọ tọrùn bọ gbèsè nítorí Mercedes tàbí BMW tó ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, torí kò fẹ́ kí wọ́n fojú tín-ín-rín òun níbi àríyá. Kò ní í pẹ́ tí owó tó yẹ kó lọ sórí ọmọ yóò fi di owó mẹkáníìkì. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí pé owó tí èèyàn fi òógùn ojú wá ni, orúkọ lásán ló sì ń gbé e lọ.

Kí a tó mọ̀ bóyá orúkọ burúkú náà tọ́ sí ọkọ̀ yìí, ó yẹ ká mọ ibi tó ti rí i. Ilẹ̀ Romania ni wọ́n ti ń ṣe Dacia láti 1968, nílé iṣẹ́ kan ní Mioveni, nítòsí ìlú Pitești. Àwọn ará Romania kọ́ ló ya àwòrán ọkọ̀ ìgbà náà. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Renault ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ń ṣe Renault 8 àti Renault 12 ní orúkọ tiwọn. Èyí tí wọ́n ṣe láti ara Renault 12, tí wọ́n pè ní Dacia 1300, bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ìran rẹ̀ sì ṣì ń jáde nílé iṣẹ́ náà ní 2004. Ọdún márùndínlógójì lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo! Lábẹ́ ìjọba Ceaușescu, olórí Romania nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan yóò dúró fún ọdún gbọọrọ kó tó kàn án. Ilé iṣẹ́ tí oníbàárà ń tò dè bẹ́ẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń bá a díje, kò sí ohun tó ń lé e láti tún àbùkù ọjà rẹ̀ ṣe, nítorí náà àwọn tó ra ọkọ̀ ọ̀hún kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe fúnra wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé Dacia kò dára kì í ṣe òpùrọ́. Wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Àmọ́ ohun tí wọ́n rí ti kọjá lọ, orúkọ tó fún ọkọ̀ náà ló jókòó síbẹ̀.

Renault ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Dacia ní 1999. Ọ̀gá àgbà Renault nígbà náà, Louis Schweitzer, ní òun fẹ́ ọkọ̀ tuntun tí owó rẹ̀ kò ní í ju 5,000 yúrò lọ, tí ìdílé kan á lè wọ̀ tẹrùtẹrù. Logan ló jáde ní 2004. Ó yẹ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ yìí ṣẹlẹ́yà mọ bí wọ́n ṣe dín owó rẹ̀ kù, nítorí wọ́n rò pé ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti gé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ, torí gíláàsì tó bá tẹ̀ máa ń náni lówó láti ṣe. Díńgí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì jẹ́ ọ̀kan náà, kí ilé iṣẹ́ má baà máa ṣe oríṣi méjì. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, odindi kan ṣoṣo ni wọ́n rọ jáde. Ẹ́ńjìnnì àti jíà wá láti inú ohun tí Renault ti ń lò tipẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ti mọ̀ tinú tòde. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì 1.5 dCi tó wà nínú ọ̀pọ̀ Dacia wà nínú Nissan, ó sì wọ inú Mercedes A-Class pàápàá. Nígbà tí Sandero, ọkọ̀ Dacia mìíràn, dé ọjà Britain ní 2013, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, tó jẹ́ 5,995 pọ́n-ùn, kò ní rédíò, bọ́ńpà rẹ̀ kò ní ọ̀dà, kò sì ní àwọ̀ mìíràn ju funfun lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n yọ kúrò ni oníbàárà fojú rí kó tó sanwó. Mo fẹ́ràn irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọjà títà, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Kí ọkọ̀ náà tó dé Britain rárá ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí Top Gear, ètò mọ́tò ti BBC, atọ́kùn James May a máa kéde ọ̀rọ̀ Sandero bí ẹni tó ní ìròyìn ayọ̀ ńlá, àwọn èrò á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló kù létí ọ̀pọ̀ èèyàn dòní. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ní Brazil, ní Russia àti ní South Africa, Renault ni wọ́n ń kọ sára Sandero nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni, àmì iwájú ló yàtọ̀. Ẹ wá wo ìwà àwọn tó ń fi owó ara wọn rà á. Ní Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà fún èèyàn ló ń kó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, ẹni tí wọ́n sì ra ọkọ̀ fún kì í fi bẹ́ẹ̀ wo iye tó jẹ́. Tí a bá yọ àwọn wọ̀nyẹn sẹ́yìn, tó wá ku àwọn tó ń yọ owó láti inú àpò ara wọn, Sandero ló ti wà níwájú láti 2017. Ní 2024, a kò nílò láti yọ ẹnikẹ́ni mọ́: òun ni ọkọ̀ tí wọ́n tà jù lọ ní gbogbo Yúróòpù. Ìdájọ́ tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ dá nìyẹn, mo sì kà á sí ju ẹ̀rín tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ohun tí àwọn tó ni ọkọ̀ yìí ń sọ nípa rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ń fọ́nnu. Wọ́n á sọ fún yín pé ariwo atẹ́gùn máa ń wọlé tí eré bá pọ̀, pé ike inú rẹ̀ le gbandi, pé ìjókòó rẹ̀ a máa dunni lẹ́yìn bí ìrìn àjò bá jìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé ó ń jẹ́ ìpè láràárọ̀, pé búùtù rẹ̀ gba ẹrù, pé owó sáfíìsì rẹ̀ kò dẹ́rù bà wọ́n, pé tí ọmọ bá fi bàtà họ ọ́ lára, ọkàn wọn kì í já. Ní ilẹ̀ Faransé, ìpàdé ìgbafẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní 2009 a máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ, tọmọtọmọ, toúnjẹtoúnjẹ. Ìfẹ́ tó mọ àbùkù ohun tó fẹ́ nìyẹn, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni mo lè gbára lé. Àwọn ará Britain ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí lórí ọkọ̀ Škoda. Ní ọdún 1980 sí 1990, kò sí ọkọ̀ tí wọ́n pa àwàdà mọ́ tó o. Volkswagen wọ inú ilé iṣẹ́ náà ní 1991, ọkọ̀ náà yí padà, inú àwọn tó ni ín dùn, síbẹ̀ àwàdà kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Škoda Fabia máa fi jáde ní 2000, ẹ̀tanú yẹn gan-an ni wọ́n ní láti fi ṣe ìpolówó ọjà kí wọ́n tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ máa ń pẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi orúkọ ra ọkọ̀ lónìí, ọkọ̀ àtijọ́ ló ń dá lẹ́jọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó ra ọjà kò lè bú ọjà rẹ̀, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òmùgọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìtìjú ló ń mú kí èèyàn yin ọkọ̀ rẹ̀, àwọn tó san owó gọbọi ló yẹ kó pọ̀ nínú àwọn tó ń yìn, torí àwọn ni ìtìjú wọn pọ̀ jù. Ẹni tó san ìdajì owó tí ẹlòmíràn san kò ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn tún lè sọ pé torí pé oní-Dacia kò retí ohun púpọ̀ ni ohun díẹ̀ fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo gbà, n kò sì rí ibi tó ti burú. Ẹni tó mọ ohun tó sanwó fún tó sì rí i gbà, kí ni a tún fẹ́ kó sọ?

Àtakò kẹta le ju méjèèjì lọ, òun ló sì mú kí n má lè gba òwe wa yìí gbọ́ délẹ̀. Ní Jámánì, ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò nígbà tó bá pé ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì, àjọ àyẹ̀wò TÜV sì máa ń tẹ ìròyìn àwọn àyẹ̀wò náà jáde. Ní ọdún bíi mélòó kan, Logan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìròyìn yẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí àbùkù sí, àwọn ohun abẹ́ ọkọ̀ tó di táyà mú. A lè sọ pé ẹni tó ra ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú a máa yẹra fún owó sáfíìsì, pé àìbójútó ló ṣe ọkọ̀ náà báyìí. Bóyá ìdajì ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìdajì kejì ni pé àwọn tó wa àwọn ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ọkọ̀ wọn jẹ́ ìpè láàárọ̀ ọjọ́ náà bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, wọn kò sì rí i. Tí oníṣẹ́ àyẹ̀wò kò bá gbé ọkọ̀ sókè kó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, wọn ì bá máa bá ìyìn wọn lọ.

Tí ojú ẹni tó ni ọkọ̀ kò bá tó abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ṣé yóò tó ọ̀rọ̀ ìjàǹbá? Ibí yìí ni mo ti bá òwe náà jà. Nínú ọ̀rọ̀ owó epo, ẹrù àti sáfíìsì, ìròyìn kò tó àfojúbà lóòótọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ìròyìn ló tó, àfojúbà ni kò tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní ìjàǹbá ńlá rárá títí wọn á fi ta ọkọ̀ wọn, ẹni tó bá sì rí i kedere bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń rún lè má sí láyé mọ́ láti wá ròyìn. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rí tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oní-mọ́tò, ẹnu àwọn tí ohunkóhun kò ṣe ni. Ẹni tó ń sọ pé òun ti wa ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́jọ láìfarapa dà bí ẹni tó ń yin òrùlé rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò purọ́. Òjò ni kò tíì rọ̀.

Àwọn tó ń mú kí òjò náà rọ̀ ni Euro NCAP. Láti 1997 ni wọ́n ti ń ra ọkọ̀ tuntun, tí wọ́n ń fi ọmọláńgidi tó ní ẹ̀rọ nínú sí ipò awakọ̀ àti èrò, tí wọ́n sì ń gbá ọkọ̀ náà mọ́ nǹkan kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣe àyà, orí àti ọrùn èèyàn. Ìràwọ̀ márùn-ún ni ẹ̀bùn tó ga jù. Logan gba mẹ́ta ní 2005. Sandero gba mẹ́rin ní 2013, ó sì padà gba méjì ní 2021. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni Jogger, ọkọ̀ ìdílé tó lè gba èèyàn méje, àti Spring, ọkọ̀ kékeré tó ń lo iná mànàmáná tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, gba ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn olólùfẹ́ Dacia, tí wọ́n ti jìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń dájọ́ láìrí nǹkan, fi ọwọ́ ara wọn ti ìròyìn yìí nù. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò já àwọn kulẹ̀ rí. Ta ló béèrè ìyẹn?

Wọ́n ní ìdáhùn kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìràwọ̀ lónìí kì í ṣe ti líle ara ọkọ̀ nìkan. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tàbí tó ń bá a tẹ bíréèkì, ilé iṣẹ́ tó sì fẹ́ ta ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú kò lè kó gbogbo rẹ̀ sí i. Òótọ́ ni. Nínú ìdánwò 2021, Sandero gba 70 nínú 100 fún ìdáàbòbò àgbàlagbà, 42 péré ló sì gba fún àwọn ẹ̀rọ ìrànwọ́ wọ̀nyí. Ẹ̀rọ ló fà á wálẹ̀ jù. Jogger pàdánù máàkì torí pé kò sí ohun tó ń rán àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá létí pé kí wọ́n de bẹ́líìtì. Òfin ìdánwò náà sì ń le sí i: Renault Clio, tó bá Sandero pín ìpìlẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ kan náà, gba ìràwọ̀ márùn-ún ní 2019, ṣùgbọ́n wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń gbá ọkọ̀ padà ní 2020, nítorí náà a kò lè gbé nọ́ńbà méjèèjì síra ká ní a ti rí òkodoro. Ẹni tó bá rí ìràwọ̀ méjì Sandero tó sì sá lọ ra ọkọ̀ ìràwọ̀ márùn-ún ti 2008 lè máa sá kúrò nínú ààbò lọ sínú ewu. Àní ìròyìn náà ń fẹ́ kí a kà á dé ìdí kí a tó gbà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kà á dé ìdí, àwáwí ti ẹ̀rọ kò lè gba Spring sílẹ̀. Ìdáàbòbò àgbàlagbà nínú rẹ̀ kò ju 49 nínú 100 lọ. Àwọn tó dán an wò sọ pé nínú ìkọlù láti iwájú, ewu ńlá wà fún àyà awakọ̀ àti orí ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni à ń kó ọmọ sí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dún tó lè bo èyí mọ́lẹ̀, kò sì sí iye ọdún tí èèyàn lè fi wa Spring lọ sí ọjà tí yóò fi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Dacia mìíràn, Duster tuntun tí wọ́n dán wò ní 2024, gba ìràwọ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀. N kò sọ pé gbogbo Dacia jẹ́ ọ̀kan. Àwọn tó ń bú u ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń yìn ín náà sì ń ṣe bákan náà.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ mi yìí, ti olówó ni; pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju Dacia lọ kò lè máa ka ìràwọ̀. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lówó láti ra ọkọ̀ kejì ló yẹ kó ṣọ́ra jù nípa èyí tó kọ́kọ́ rà. Kíka àbájáde Euro NCAP kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó wà níta fún gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kò fẹ́ ṣe: láti oṣù keje 2024, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní European Union gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń tẹ ara rẹ̀ nígbà pàjáwìrì. Dacia ń fi í sí i, ó sì ṣì ń ta ọkọ̀ rẹ̀ ní owó tó kéré sí ti àwọn tó kù. Ó ṣeé ṣe nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́dún yìí, ẹ pín ìbéèrè yín sí ọ̀nà méjì. Ẹ lọ bá ẹni tó ti wa ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ bi í nípa epo, ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìpata, owó ìbánigbófò àti bí àwọn tó tà á fún un ṣe dá a lóhùn nígbà tí nǹkan bàjẹ́; ẹ má bi í bóyá ọkọ̀ náà lè gba ẹ̀mí là, torí kò mọ̀. Ìyẹn, ẹ bi àwọn tó fọ́ ọ̀kan. Ẹ wo ọdún tí wọ́n dán an wò, kí ẹ wo nọ́ńbà ti àgbàlagbà àti ti ọmọdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó wo ìràwọ̀. Tí ẹnì kan bá sì ń rẹ́rìn-ín níbi àríyá, ẹ bi í pé èwo ni òun wà rí. Tí Sandero bá bá àpò yín mu, ẹ rà á, kí ẹ máa ṣe sáfíìsì rẹ̀ nígbà tó yẹ, kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́kù tọ́ ọmọ. Spring ní tirẹ̀, títí wọn yóò fi tún un dán wò tí àbájáde rẹ̀ yóò sì sàn ju ti 2021 lọ, ẹ má fi gbé ọmọ yín lọ sí ọ̀nà márosẹ̀.